Òfin Àgbáyé àti Bí Èkó Ṣe Bọ́ Sọ́wọ́ Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì

Nígbà tí wọ́n bá ń sọ ìtàn bí Èkó ṣe di ilẹ̀ àkóso ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1861, àgbá àti ọkọ̀ ogun ni ọ̀pọ̀ òpìtàn máa ń tẹnu mọ́, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí iná tí àgbá dá ní Èkó kì í ṣe kékeré. Síbẹ̀, ìtàn náà kò pé bí ẹni tó ń sọ ọ́ kò bá mẹ́nu ba àwọn ìwé tó ṣáájú àgbá: ìwé àdéhùn, ìwé àṣẹ tí mínísítà kọ sí aṣojú ìjọba, ìmọ̀ràn àwọn amòfin ọba, àti ìdájọ́ ilé ẹjọ́. Kí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó kọjú àgbá sí Èkó, ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn amòfin ní Lọ́ńdọ́nù ti fi jiyàn lórí ibi tí òfin àgbáyé gbà kí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ dé àti ibi tí kò gbà. Òfin àgbáyé tí wọ́n ń jiyàn lé lórí ni àkójọ àṣà, ìlànà àti àdéhùn tí ìjọba orílẹ̀-èdè kan fi ń bá ti òmíràn lò, yálà ní àkókò àlàáfíà tàbí ní àkókò ogun. Òfin yìí kò dá ogun dúró ní Èkó, ṣùgbọ́n òun ló pinnu ọ̀nà tí ogun náà gbà wọlé, orúkọ tí wọ́n pè é, àti ohun tó ṣẹ́kù sọ́wọ́ àwọn ará Èkó nígbà tí ogun ti parí.

Ọdún 1807 ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fòfin de òwò ẹrú fún àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè tiwọn, ṣùgbọ́n òfin tí orílẹ̀-èdè kan ṣe fún ara rẹ̀ kò de orílẹ̀-èdè mìíràn. Ní oṣù Èrèlè 1815, àwọn ìjọba ńláńlá ilẹ̀ Yúróòpù tí wọ́n péjọ sí ìlú Vienna kéde pé òwò ẹrú lòdì sí ìwà ọmọlúàbí, síbẹ̀ wọn kò sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ tí ọkọ̀ ogun orílẹ̀-èdè kan lè torí rẹ̀ mú ọkọ̀ òmíràn. Ọ̀rọ̀ náà délé ẹjọ́ nígbà tí ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan mú ọkọ̀ ilẹ̀ Faransé tó ń jẹ́ Le Louis ní etíkun Áfíríkà. Ní ọdún 1817, Adájọ́ William Scott dá a lẹ́jọ́ pé kò sí ìjọba tó ní ẹ̀tọ́ láti dá ọkọ̀ ìjọba mìíràn dúró lójú agbami kí ó sì tú u wò ní àkókò àlàáfíà, àyàfi bí àdéhùn bá wà láàárín àwọn méjèèjì, nítorí pé gbogbo orílẹ̀-èdè ló dọ́gba lójú òkun, ì báà jẹ́ ńlá tàbí kékeré. Ìdájọ́ náà jinlẹ̀, ó sì yẹ kí òǹkàwé fi í sọ́kàn, nítorí pé ọ̀rọ̀ ìdọ́gba tí adájọ́ yìí sọ nítorí ọkọ̀ Faransé kan ni wọn kò rántí nígbà tó kan ọba ilẹ̀ Áfíríkà.

Láti ìgbà náà lọ, iṣẹ́ ńlá tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé lé ara rẹ̀ lọ́wọ́ ní òkèèrè ni wíwá àdéhùn kiri. Ìjọba Pọ́túgàl fọwọ́ sí tirẹ̀ ní 1815 àti 1817, wọ́n sì gbà pé kí òwò ẹrú dópin ní gbogbo apá òkun tó wà ní àríwá ìlà agbedeméjì ayé. Spéìn fọwọ́ sí tirẹ̀ ní 1817, Bràsíìlì sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní 1826. Wọ́n dá àwọn ilé ẹjọ́ alájọṣe sílẹ̀ ní Freetown, ní Havana àti ní Rio de Janeiro, níbi tí adájọ́ Gẹ̀ẹ́sì àti ti orílẹ̀-èdè kejì ti jọ ń jókòó gbọ́ ẹjọ́ ọkọ̀ tí wọ́n bá mú. Nígbà tí àwọn oníṣòwò ẹrú rí i pé ọkọ̀ tí ẹrú wà nínú rẹ̀ nìkan ni òfin lè mú, wọn a dúró sí etíkun láìkó ẹnikẹ́ni, di ìgbà tí ọkọ̀ ogun bá ti yí ẹ̀yìn padà. Èyí ló fà á tí àdéhùn tuntun tí Spéìn bọwọ́ lù ní 1835 fi sọ pé ohun èlò inú ọkọ̀ tó láti dá a lẹ́bi: bí wọ́n bá bá ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ níbẹ̀, tàbí pákó tí wọ́n lè fi tẹ́ àjà kún àjà, tàbí àgbá omi tó pọ̀ ju èyí tí àwọn atukọ̀ lè mu tán, tàbí ìkòkò oúnjẹ tó tóbi ju ti àwọn ènìyàn inú ọkọ̀ lọ, ẹ̀rí ti dé. Ọ̀kan nínú àwọn tí àdéhùn ti Pọ́túgàl yọ ni Àjàyí, ọmọ Òṣogùn, tí wọ́n mú lẹ́rú ní 1821, tí wọ́n sì kó sínú ọkọ̀ Pọ́túgàl kan ní Èkó ní oṣù Igbe 1822. Ọkọ̀ ogun tó ń jẹ́ Myrmidon mú ọkọ̀ náà, ó sì kó àwọn ẹrú inú rẹ̀ lọ sí Sàró, níbi tí ọmọ náà ti di Samuel Ajayi Crowther. Ẹni tó bá fẹ́ bu ẹnu àtẹ́ lu gbogbo àdéhùn ìgbà náà gbọ́dọ̀ rántí èyí.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló wá ṣòro. Òfin tó jẹ́ kí wọ́n mú ọkọ̀ lójú omi kò sọ pé kí wọ́n gun orí ilẹ̀ ọba ẹlòmíràn. Ní 1840, Ọ̀gágun Joseph Denman gúnlẹ̀ sí ẹnu odò Gallinas, ní gúúsù Sàró, ó dáná sun àwọn ọgbà tí àwọn oníṣòwò Spéìn ń kó ẹrú pamọ́ sí, ó sì tú ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹrú sílẹ̀. Ìjọba yìn ín lákọ̀ọ́kọ́, ṣùgbọ́n nígbà tó di 1842, àwọn amòfin ọba ti yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, Lord Aberdeen tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè sì kọ̀wé pé kí ọkọ̀ ogun dí ẹnu odò, kí wọ́n gúnlẹ̀, kí wọ́n sì jó ilé àti ẹrù oníṣòwò kò bá òfin àgbáyé mu, àyàfi bí ọba ilẹ̀ náà bá ti fọwọ́ sí i nínú àdéhùn. Oníṣòwò kan tí wọ́n jó ẹrù rẹ̀ pe Denman lẹ́jọ́ ní Lọ́ńdọ́nù, nínú ẹjọ́ tí wọ́n ń pè ní Buron àti Denman, ilé ẹjọ́ sì dá Denman láre ní 1848 nítorí pé ìjọba ti gba iṣẹ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ara rẹ̀. Àmọ́ ẹ̀kọ́ tó kù nílẹ̀ yé àwọn ọ̀gágun ojú omi dáadáa: kí ènìyàn tó gúnlẹ̀, kí ó kọ́kọ́ ní ìwé lọ́wọ́.

Láti ìgbà náà ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti ń bá àwọn ọba etíkun ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà ṣe àdéhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, lórí ìwé kan náà tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ́nù. Ọba náà yóò ṣèlérí pé òwò ẹrú ti parí ní ilẹ̀ òun, yóò sì gbà pé bí ó bá tún ṣẹlẹ̀, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lè fi agbára dá a dúró. Gbólóhùn kejì yìí ni ó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ìwé náà, nítorí òun ló sọ ohun tí òfin kọ̀ di ohun tí òfin gbà. Ó sì ní ohun kan nínú tó yẹ kí ó ká ènìyàn lára: kí ọba tó lè bọwọ́ lu àdéhùn, òfin gbọ́dọ̀ kà á sí olórí ilẹ̀ tó dá dúró, tí kò sí lábẹ́ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n lọ́gán tó bá ti bọwọ́ lù ú, ó ti yọ̀ǹda fún ẹlòmíràn láti wọ ilẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ohun ìjà. Wọ́n kà á sí ọba fún ìwọ̀n ìgbà tí wọ́n nílò ìbọwọ́lùwé rẹ̀.

Èkó ni ibi tí gbogbo èyí ti hàn gedegbe. Ní 1845, Kòsọ́kọ́, ọmọ Ọba Ọ̀ṣínlókùn, gba ìtẹ́ lọ́wọ́ àbúrò bàbá rẹ̀, Ọba Akítóyè, lẹ́yìn ogun tí àwọn ará Èkó ń pè ní Ogun Olómirò. Akítóyè fúnra rẹ̀ ló ti pe Kòsọ́kọ́ padà wálé láti Wídà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé olóyè Elétù Òdìbò kìlọ̀ fún un. Akítóyè sá lọ sí Abẹ́òkúta, lẹ́yìn náà ó sọ̀kalẹ̀ wá sí Àgbádárìgì, níbi tí àwọn míṣọ́nnárì àti àwọn oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì wà, ó sì ṣèlérí fún wọn pé bí wọ́n bá lè dá òun padà sórí ìtẹ́, òun yóò fòpin sí òwò ẹrú. Ìtàn tí àwọn ìwé ìjọba sọ lẹ́yìn náà pé Kòsọ́kọ́ ni oníṣòwò ẹrú, Akítóyè sì ni alátùn-únṣe, kò fi gbogbo ara rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé òwò ẹrú kò dúró ní Èkó nígbà tí Akítóyè kọ́kọ́ wà lórí oyè. Ìjà ìtẹ́ láàárín ẹbí kan ni, ohun tó sì jẹ́ kí ó di ọ̀rọ̀ àgbáyé ni pé ẹni tí wọ́n lé kúrò mọ gbólóhùn tí àwọn alágbára ń fẹ́ gbọ́.

Nǹkan mìíràn tún ń lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti yan John Beecroft ní kọ́ńsù, ìyẹn aṣojú ìjọba, fún gbogbo etíkun náà ní 1849. Àwọn míṣọ́nnárì ń bẹ̀rù fún Abẹ́òkúta, pàápàá lẹ́yìn tí ọmọ ogun Gezo, ọba Dàhòmì, kọlu ìlú náà ní oṣù Ẹrẹ́nà 1851 tí àwọn Ẹ̀gbá sì lé wọn padà. Àwọn oníṣòwò epo pupa ń fẹ́ ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀ láti ọ̀sà Èkó lọ sí òkè. Ní ọdún kan náà, Crowther wà ní Lọ́ńdọ́nù, ó rí Ọbabìnrin Victoria àti Lord Palmerston tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè nígbà náà, ó sì rọ ìjọba pé kí wọ́n dá Akítóyè padà. Láti oṣù Èrèlè ni Palmerston ti pàṣẹ pé kí Beecroft lọ bá Kòsọ́kọ́ ṣe àdéhùn òwò ẹrú, kí ó sì rán an létí pé etí òkun ni Èkó wà, pé orí òkun náà sì ni àwọn ọkọ̀ àti àgbá Gẹ̀ẹ́sì wà. Gbólóhùn kan ṣoṣo yìí kó ìbéèrè òfin àti ìhàlẹ̀ ogun pọ̀ sínú ìwé kan.

Ní oṣù Bélú 1851, Beecroft pàdé Kòsọ́kọ́ ní Èkó. Èsì tí Kòsọ́kọ́ fọ̀ tọ́ sí àfiyèsí ju bí àwọn òpìtàn ti máa ń fún un lọ. Kò sọ pé òwò ẹrú dára, kò sì bú ẹnikẹ́ni. Ohun tó sọ ni pé abẹ́ Ọba Ìbíní ni Èkó wà, àti pé Ọba Ìbíní nìkan ló lè bá ìjọba òkèèrè ṣe irú àdéhùn bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ka èyí sí ẹ̀tàn, ó sì lè jẹ́ pé Kòsọ́kọ́ fẹ́ fi ra àkókò. Síbẹ̀, bí ẹ̀tàn bá wà níbẹ̀, ẹ̀tàn tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ nínú òtítọ́ ni. Ìdílé ọba Èkó tan mọ́ Ìbíní, Èkó sì ti ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún Ìbíní láti ayé àwọn baba ńlá wọn. Òfin àgbáyé tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ń kọ́ni gbà pé ọba tó ń sin ọba mìíràn lè máà ní àṣẹ láti dá bá ìjọba òkèèrè ṣe àdéhùn. Bí Kòsọ́kọ́ bá jẹ́ ọmọ aládé kékeré kan ní ilẹ̀ Jámánì, tó sì fi irú èsì bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí Palmerston, àwọn amòfin ọba ni wọn ìbá kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ náà lọ̀. Ní Èkó, kò sí amòfin kankan tí wọ́n bi, kò sì sí ẹni tí wọ́n rán lọ sí Ìbíní.

Ní ọjọ́ 25 oṣù Bélú, Beecroft àti Ọ̀gágun Forbes wọ ọ̀sà pẹ̀lú ọkọ̀ Bloodhound àti àwọn ọkọ̀ kéékèèké, àsíá funfun tó túmọ̀ sí pé ọ̀rọ̀ àlàáfíà ni wọ́n bá wá ń fẹ́ lókè wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun ìjà kún inú ọkọ̀ náà. Àwọn ará Èkó yìnbọn sí wọn. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gúnlẹ̀, wọ́n dáná sun ilé mélòó kan, ṣùgbọ́n wọ́n padà lọ́wọ́ òfo. Inú Ọ̀gágun àgbà Henry Bruce, olórí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ní etíkun náà, kò dùn pé wọ́n kọlu ìlú láìgba àṣẹ lọ́wọ́ òun, àmọ́ kò sí ọ̀nà àbáyọ mọ́, nítorí pé wọ́n ti lé ọkọ̀ ọbabìnrin padà. Bruce kó ọmọ ogun tó pọ̀ wá ní ọjọ́ 26 oṣù Ọ̀pẹ̀. Àwọn ará Èkó, tí Òṣòdì Tápà jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú olórí ogun wọn, ti gbin igi ṣóńṣó sínú omi, wọ́n sì ti to àgbá sẹ́yìn odi tí wọ́n mọ sí etí ọ̀sà. Ọkọ̀ Teazer há sórí iyanrìn ní ọjọ́ kìíní, ìbọn odi sì bò ó, tó fi jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kú tàbí fara gbọgbẹ́ níbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ọta oníná bọ́ sínú ilé ẹ̀tù, iná sì gba ìlú. Ní ọjọ́ 28, Kòsọ́kọ́ àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ti gba ojú ọ̀sà lọ sí apá Ìjẹ̀bú. Ogun Àgidìǹgbì ni àwọn ará Èkó sọ ogun yìí, nítorí ìró àgbá tí wọ́n gbọ́.

Ní ọjọ́ 1 oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1852, nínú ọkọ̀ ogun Penelope, Akítóyè bọwọ́ lu àdéhùn tí Kòsọ́kọ́ kọ̀. Ó fòpin sí òwò ẹrú àti fífi ènìyàn rúbọ, ó ṣí ọjà fún gbogbo oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ṣèlérí ààbò fún àwọn míṣọ́nnárì. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè ohun tó dé tí Akítóyè lè bọwọ́ lù ú láìbi Ìbíní, àdéhùn náà fúnra rẹ̀ kò dá a lóhùn. Ọgbọ́n òfin tó dá Kòsọ́kọ́ lẹ́bi kò rántí Ìbíní mọ́ nígbà tó di ti Akítóyè. J. F. Ade Ajayi, nínú àròkọ tó kọ ní 1961 lórí bí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe gba Èkó, fi hàn pé ìfẹ́ láti ṣàkóso òwò kó ipa tó pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà, àti pé òwò ẹrú nìkan kọ́ ló gbé wọn wá. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ènìyàn fi kún un pé òwò ẹrú nìkan ni òfin ìgbà náà lè gbà gẹ́gẹ́ bí ìdí, ìdí nìyí tí orúkọ rẹ̀ fi wà lókè gbogbo ìwé.

Ọdún mẹ́sàn-án tó tẹ̀lé e jẹ́ ti àwọn kọ́ńsù. Akítóyè kú ní 1853, ọmọ rẹ̀ Dòsùnmú jọba, Kọ́ńsù Benjamin Campbell sì ń dá sí ọ̀rọ̀ ìlú débi pé ní 1854 òun ló lọ bá Kòsọ́kọ́ ṣe àdéhùn ní Ẹ̀pẹ́, níbi tó sá lọ.

Ní oṣù Okúdù 1861, Lord John Russell, tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè nígbà náà, kọ̀wé pé ìjọba ti pinnu láti gba Èkó pátápátá, kí òwò ẹrú lè tán, kí òwò tó bófin mu lè gbèrú, kí wọ́n sì lè dá ọba Dàhòmì lẹ́kun. Ní ìparí oṣù Agẹmọ, Ọ̀gágun Norman Bedingfeld mú ọkọ̀ ogun Prometheus wọ ọ̀sà, òun àti William McCoskry tó ń ṣe adelé kọ́ńsù sì sọ fún Dòsùnmú pé kí ó fi ìlú sílẹ̀ fún ọbabìnrin. Ọba náà kọ̀, àwọn olóyè rẹ̀ kọ̀, wọ́n fún wọn ní ọjọ́ díẹ̀ láti tún inú rò, àgbá Prometheus sì kọjú sí ìlú. Ní ọjọ́ 6 oṣù Ògún, ó bọwọ́ lù ú. Nínú ìwé ẹ̀bẹ̀ tí òun àti àwọn olóyè kọ sí Ọbabìnrin Victoria lẹ́yìn náà, wọ́n sọ ọ́ kedere pé ìhàlẹ̀ pé wọn yóò run ìlú ló mú wọn bọwọ́ lù ú. Àdéhùn náà gba èbúté àti erékùṣù Èkó pẹ̀lú gbogbo ẹ̀tọ́ àti èrè ibẹ̀. Ó fi orúkọ ọba sílẹ̀ fún Dòsùnmú, ó gbà á láyè láti parí ìjà láàárín àwọn ọmọ ìlú bí wọ́n bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, ó sì sọ pé òǹtẹ̀ rẹ̀ lórí ìwé ilẹ̀ yóò jẹ́ ẹ̀rí pé ọmọ onílẹ̀ mìíràn kò ní ẹ̀tọ́ lórí ilẹ̀ náà.

Lójú òfin ọ̀rúndún náà, ìhàlẹ̀ kò ba àdéhùn jẹ́. Àwọn amòfin pín in sí méjì: bí wọ́n bá di ọ̀bẹ mọ́ ọrùn aṣojú kan kí ó tó bọwọ́ lùwé, ìbọwọ́lùwé rẹ̀ kò dúró, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kọjú àgbá sí gbogbo ìlú, àdéhùn náà dúró, nítorí pé wọ́n ka ogun sí ọ̀nà kan tí ìjọba fi ń wá ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ìyàtọ̀ burúkú ni. Dòsùnmú, tí ìlú rẹ̀ àti ara rẹ̀ jọ wà níwájú àgbá kan náà, kò lè rí ibi tí ọ̀kan parí sí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀nà tí wọ́n là ní Èkó ni wọ́n tọ̀ dé òkè. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1892, àwọn aṣojú Ìjẹ̀bú wá sí Èkó, wọn kò fẹ́ fọwọ́ ara wọn kọ ìwé àdéhùn ṣíṣí ọ̀nà, àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú méjì tó ń gbé Èkó, Jacob Williams àti Otonba Payne, ló bọwọ́ lù ú lórúkọ wọn. Nígbà tó sì di oṣù Ẹ̀bìbí, Carter, Gómìnà Èkó, ti sọ pé Ìjẹ̀bú da àdéhùn, ogun Ìmàgbọn sì ṣẹlẹ̀ láàárín Gẹ̀ẹ́sì àti Ìjẹ̀bú. Àwọn Ẹ̀gbá, tí wọ́n rí ohun tó ṣẹlẹ̀, bọwọ́ lu tiwọn ní 1893, àdéhùn náà sì gbà pé wọ́n dá dúró, títí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi gba òmìnira náà lọ́wọ́ wọn ní 1914.

Síbẹ̀, ìwé tí wọ́n fi gba Èkó de ẹni tó kọ ọ́. Nígbà tí ìjọba gba ilẹ̀ ní Apápá, Olóyè Amodu Tijani, Olúwa Èkó, ọ̀kan nínú àwọn Ìdẹ́jọ, ìyẹn àwọn olóyè onífìlà funfun tó ni ilẹ̀, pe ìjọba lẹ́jọ́ dé iwájú Ìgbìmọ̀ Ìdájọ́ ọba ní Lọ́ńdọ́nù, níbi tí ẹjọ́ gbogbo ilẹ̀ àkóso Gẹ̀ẹ́sì ń parí sí nígbà náà. Herbert Macaulay bá a lọ. Ìjọba sọ pé àdéhùn 1861 ti gbé gbogbo ilẹ̀ fún ọba Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù Agẹmọ 1921, Viscount Haldane dá a lẹ́jọ́ pé kò rí bẹ́ẹ̀: nígbà tí àkóso ìlú kan bá bọ́ sọ́wọ́ ìjọba mìíràn, ẹ̀tọ́ àwọn onílẹ̀ kò torí rẹ̀ parẹ́, ilẹ̀ Èkó sì jẹ́ ti ẹbí àti ìlú gẹ́gẹ́ bí àṣà wọn. Ìdájọ́ yìí ni àwọn amòfin ní Kánádà àti ibòmíràn ṣì ń tọ́ka sí lónìí nígbà tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àwọn ọmọ onílẹ̀ bá délé ẹjọ́. Òfin tí wọ́n fi gba àṣẹ lọ́wọ́ Dòsùnmú ni Olúwa fi gba owó ilẹ̀ rẹ̀, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ láìyin ìbọn kan.

Òfin nípa ìhàlẹ̀ yí padà díẹ̀díẹ̀. Ìwé ìdásílẹ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, tí wọ́n bọwọ́ lù ní 1945, fòfin de lílo agbára ogun tàbí fífi í halẹ̀ mọ́ orílẹ̀-èdè mìíràn. Ní 1968 àti 1969, àwọn orílẹ̀-èdè péjọ sí Vienna, ìlú kan náà tí wọ́n ti kéde ọ̀rọ̀ òwò ẹrú ní 1815, láti kọ gbogbo òfin àdéhùn sínú ìwé kan. Taslim Olawale Elias, amòfin tí wọ́n bí ní Èkó ní 1914, tó sì padà wá di ààrẹ Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé, ni alága ìgbìmọ̀ gbogboogbò tó yẹ abala kọ̀ọ̀kan wò níbẹ̀. Abala 52 sọ pé àdéhùn tí wọ́n bá fi agbára ogun tàbí ìhàlẹ̀ rẹ̀ gbà, ní ìlòdì sí ìlànà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n abala 4 nínú ìwé kan náà sọ pé òfin tuntun yìí kò kan àdéhùn tí wọ́n ti ṣe kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1980. Àdéhùn tí Dòsùnmú bọwọ́ lù kò sí lára ohun tí ó lè fagi lé, ọdún 99 sì ni Èkó fi wà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, títí di ọjọ́ 1 oṣù Ọ̀wàrà 1960.